Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kọ Èéfín Sílẹ̀: Ìpè sí Ará Ìkẹjà àti Agége

Ẹ̀yin ará Ìkẹjà, ẹ̀yin ará Agége, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láti Ọba Akran dé Ògbà, láti Àgídìǹgbì dé Ìjú, láti Dòpèmú dé Oko-Ọba, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, kí ẹ máa kọ èéfín àdúgbò yín sínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rẹ́rìn-ín. Èéfín tó ń ba aṣọ tí a sá jẹ́, tó ń mú ọmọ wúkọ́ lóru, ìwé la fẹ́ fi lé e lọ? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nìyí. Ní nǹkan bí aago kan òru, òórùn kan á gba gbogbo àdúgbò, bí ẹni pé wọ́n ń sun rọ́bà níbì kan. A ó ti fèrèsé, ooru á sì mú wa mọ́lé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn àgbà àdúgbò á kó ara wọn jọ, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìjọba. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé, ojú ọ̀run ti mọ́, ẹ̀rọ ti dákẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ń kí i ní "ẹ káàbọ̀, sà". Òṣìṣẹ́ á bi wá pé ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀. A ó ní ojoojúmọ́ ni. Aago mélòó? A ó ní òru ni. Láti inú ọgbà wo? Ẹnì kan á nawọ́ sọ́tùn-ún, ẹnì kan á nawọ́ sósì. Kò sì sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n lè kọ "ojoojúmọ́" sí níbi tí wọ́n ti béèrè déètì. Ó bá tirẹ̀ lọ, àwa náà ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé wọ́n ti fún un ní nǹkan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ni pé ọwọ́ òfo la fi pàdé rẹ̀.

Ohun tí à ń fà símú yìí ju òórùn lọ. Báńkì Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí afẹ́fẹ́ Èkó, wọ́n sì gbé e jáde ní 2020. Ìṣirò wọn ni pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí fa ikú àìtọ́jọ́ tó tó 11,200 ní Èkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni. Owó tí àìsàn àti ikú wọ̀nyí gbé lọ tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Nígbà tí wọ́n wá ka ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá, nǹkan mẹ́ta ló ṣáájú: ọkọ̀ ojú pópó, ilé iṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀. Ìkẹjà sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n dárúkọ fún èéfín ilé iṣẹ́, òun pẹ̀lú Àpápá, Ìdúmọ̀tà àti Odòguǹyàn ní Ìkòròdú.

Eruku tó ń ṣiṣẹ́ ibi yìí kéré débi pé ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀. PM2.5 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹyọ irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 30 irú rẹ̀ tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nítorí kíkéré rẹ̀, irun imú kò lè dá a dúró. Ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fa àrùn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀, kò dúró sórí ikọ́ nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé kò yẹ kí ó ju máíkírógíráàmù 5 lọ, ní ìpíndọ́gba ọdún kan, nínú afẹ́fẹ́ tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Iye tí ìwádìí Báńkì Àgbáyé lò fún Èkó jẹ́ 68. Mo fẹ́ kí ẹ fi 5 àti 68 yìí sọ́kàn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èéfín ò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́. Kò sí èyí tó ṣèèṣì bọ́ síbí. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló ni Ìkẹjà, òun ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tó la àárín wọn kọjá ń jẹ́ orúkọ C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì tó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn. Agége ní tirẹ̀ ti jẹ́ oko kòkó àti oko obì; J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ láti 1907, rélùwéè sì ti kọjá níbẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọtí, táyà, aṣọ àti ọṣẹ dé, oko di ilé oníyàrá mẹ́wàá, nítorí pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sùn síbi tí ó lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Báyìí ni ògiri ilé ẹni ṣe wá kan ògiri ilé iṣẹ́. Àwọn bàbá wa ló wá bá ilé iṣẹ́ níbẹ̀, owó oṣù tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni wọ́n fi rán wa lọ sílé ìwé.

Nítorí náà, n kò bá wọn dá sí orin "ẹ ti ilé iṣẹ́ pa". Dunlop tó ń ṣe táyà ní Ọba Akran dáwọ́ dúró ní nǹkan bí 2008. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà mọ̀ pé ebi pẹ̀lú ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ohun tí mo ń béèrè kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣeé ṣe. Páìpù gáàsì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìkẹjà láti bí ogún ọdún ó lé, gáàsì sì mọ́ ju dísẹ́ẹ̀lì àti epo dúdú lọ fíìfíì. Asẹ́ èéfín wà fún ilé ìyọ́rin. Àmọ́ asẹ́ ń jẹ iná, iná sì ti wọ́n: ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù, lọ sí 225 náírà fún ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, tó sì mọ̀ pé òru ò lójú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ mọ ohun tó lè ṣe sí asẹ́ náà lẹ́yìn agogo méjìlá. Ìwé yín ni ojú òru.

Ẹlòmíràn á ní àyípadà ojú ọjọ́ tí wọ́n ní èéfín ń fà ńkọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni? Ihò páìpù kan náà ló ń tú ohun tó ń yí ojú ọjọ́ padà àti ohun tó ń pa wá lára jáde. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti ń jó, gáàsì tó ń mú ayé gbóná ń jáde, eruku dúdú tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ń tẹ̀lé e. Eruku dúdú yẹn fúnra rẹ̀ ń gba oòrùn mọ́ra, ó ń mú ooru pọ̀ sí i, àmọ́ kì í pẹ́ lójú ọ̀run; láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò ti jábọ́. Èyí ni pé tí a bá dín in kù ní Agége lónìí, ará Agége ló máa kọ́kọ́ jẹ ànfààní rẹ̀, kó tó kan ọmọ wa lọ́jọ́ iwájú. Ìjọba àpapọ̀ mọ èyí. Ní 2019 wọ́n fọwọ́ sí ètò kan tó ní ìgbésẹ̀ 22 lórí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ètò ò ṣòro fún wa ní Nàìjíríà. Ẹni tó máa bi ètò pé "ibo lo dé?" ló wọ́n.

Kí a tó bi wọ́n, ilé wa ńkọ́? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin alápatà àti ẹ̀yin tí ẹ ń sun awọ ẹran di pọ̀nmọ́, kì í ṣe ní ibi ìpẹran Oko-Ọba nìkan, ẹ dákun, táyà kì í ṣe igi ìdáná. Wáyà irin, imí ọjọ́ àti rọ́bà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe ló wà nínú táyà. Èéfín rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ inú ẹni tó dúró ti iná náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ohun tó sì lẹ̀ mọ́ awọ, ìyàwó ilé ló ń rà á. Gáàsì wọ́n, mo mọ̀. Ẹgbẹ́ yín lágbára tó láti bá káńsù jókòó lórí iná gáàsì alájùmọ̀lò tí gbogbo yín á máa sanwó sí. Mo rò pé ó yẹ kí káńsù lè ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná sun ìdọ̀tí sínú gọ́tà ní àárọ̀ Sátidé ńkọ́? Ọ̀rá àti ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po epo ẹ́ńjìnì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú fèrèsé aládùúgbò, ìjọba ti fòfin de kíkó irú rẹ̀ wọlé láti 2015, ó ṣì ń dún. Bí a bá kọ èéfín ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tí a kò kọ tiwa, àwọn lọ́yà ilé iṣẹ́ á bá wa kọ ọ́.

Ó yá, báwo la ṣe ń kọ ọ́? Ojú ìwé kan fún ọjọ́ kan. Ẹ kọ déètì, aago tí èéfín bẹ̀rẹ̀, aago tí ó dáwọ́ dúró. Ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀: dúdú, funfun, àwọ̀ pupa bí ìpẹtà. Ẹ kọ òórùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara: ojú ta, ọmọ wúkọ́, ìyá àgbà lo oògùn àsímà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán, ẹ má sì pa á rẹ́, nítorí fóònù ti kọ déètì àti aago sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, láti ìhà òkun, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni atẹ́gùn Èkó ti ń fẹ́. Ilé tó bá wà ní àríwá ìlà oòrùn ilé iṣẹ́ ni èéfín á máa wá kí. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní ìparí ọdún, atẹ́gùn á yí padà, á máa fẹ́ láti àríwá ìlà oòrùn, àwọn tí kò gbóòórùn kankan láti oṣù kẹta wá á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìgbà ọyẹ́ yìí náà ni ilẹ̀ máa ń tutù lóru. Afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sílẹ̀, èyí tó gbóná díẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ò ní rí ibi gòkè. Bí ẹnì kan bá kọ ìwé ní Ògbà, tí ẹlòmíràn kọ ní Àgídìǹgbì ní alẹ́ tí atẹ́gùn gba ìhà mìíràn wá, tí àwọn méjèèjì sì kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ fa ìlà lórí máàpù láti ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí lọ sí ìhà tí atẹ́gùn rẹ̀ ti wá. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ yà sí. Ẹnì kan kò lè ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) kọ̀ọ̀kan yan òǹkọ̀wé méjì, ó dáa kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí kì í sùn wọra lóru. Irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ò wọ́n ládùúgbò.

Ẹ má kọ ohun tí ẹ ò rí o. Bí ẹ kò bá rí ẹnu páìpù tí èéfín ti ń jáde, ẹ má kọ orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ má wọ ọgbà ẹnikẹ́ni, ẹ má bá ẹ̀ṣọ́ jà, ẹ má sọ òkò. Irọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá rí nínú ìwé náà, gbogbo òótọ́ tó kù ti ṣòfò.

Ṣé ìwé lè ṣe nǹkan kan? Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá da sí Kókó, ìlú èbúté kan ní Bendel ìgbà náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì ló kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, àwọn oníwèé ìròyìn gbé e, ìjọba ológun gbọ̀n jìgìjìgì. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá àjọ àkọ́kọ́ fún ààbò àyíká sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, FEPA. Àjọ NESREA ló wá gba iṣẹ́ náà ní 2007. Ní Ògíjó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó láti fa òjé jáde, ó pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ké. Ní 2025, àwọn akọ̀ròyìn The Examination àti New York Times ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún 70 ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, 7 nínú 10 sì ní òjé tó léwu lára. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ pa. Igbe ti wà tipẹ́. Iye lórí ìwé ló dé lẹ́yìn.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá gbọ́ jù ni ti Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní gúúsù ìlà oòrùn London, lágbègbè tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Àsímà pa á ní 2013. Ìwádìí ikú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò dárúkọ afẹ́fẹ́ rárá. Ìyá rẹ̀ kò gbà. Ibùdó kan wà tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi máìlì kan sí ilé wọn. Àkọsílẹ̀ ibẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tò síra wọn, wọ́n sì bá ara wọn mu. Ní oṣù kejìlá 2020, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ikú ọmọ náà pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa á. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀ fún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tàbí sí ilé ìwòsàn LASUTH, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń gbé lẹ́bàá ilé iṣẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Òfin wà lẹ́yìn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún yín láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè rán ẹlòmíràn. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pa ẹnu wọn mọ́ ní oṣù kẹrin 2025. Ilé ẹjọ́ yìí náà ló sọ ní 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan pe NNPC lórí epo tó dà sí odò ní Ìpínlẹ̀ Abia, pé ẹgbẹ́ aráàlú lè pe ẹjọ́ lórí àyíká. Òfin àyípadà ojú ọjọ́ ti 2021 ní tirẹ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 sókè gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, tí yóò sì máa jábọ̀ fún ìjọba lọ́dọọdún. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ẹni náà ní ilé iṣẹ́ tí ògiri rẹ̀ kan tiwa? Bí ẹ bá béèrè ní ẹnu géètì tẹ̀ríntẹ̀yẹ, ẹ kò ṣẹ̀ sófin.

Nígbà tí ìwé bá ti kún tó oṣù mẹ́ta, kí CDA kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláùsá. Ohun tí ẹ ó béèrè ò pọ̀: ilé iṣẹ́ wo ló ní ìwé àṣẹ ládùúgbò wa, ìgbà wo ni wọ́n yẹ èéfín wọn wò kẹ́yìn, kí ni iye tí wọ́n rí. Ẹ so àdàkọ àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn, kí òǹkọ̀wé méjèèjì fọwọ́ sí i, kí alága àti akọ̀wé CDA náà fọwọ́ sí i, kí ó má bàa di pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n á máa wá. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsù, yálà Ìkẹjà, Agége, Orílé Agége tàbí Ifákọ̀-Ìjàyè, àti sí aṣòfin tó ń ṣojú yín. Ẹ má fi í rán ọlọ́kadà. Kí ènìyàn méjì gbé e lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan sí i dání. Kí wọ́n má kúrò níwájú akọ̀wé ọ́fíìsì náà títí yóò fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yẹn, pẹ̀lú déètì, nítorí ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ náà ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje.